Genghis Khan, Borte ìyàwó rẹ̀, àti àkọ́bí tí wọ́n sọ ní Àlejò

Bí fíìmù ìtàn nípa àwọn Mongol bá ti jáde lórí tẹlifíṣọ̀n báyìí, kí ẹ ti mọ̀ pé àríyànjiyàn dé nìyẹn. Ẹnì kan á ní akọni ni Genghis Khan, pé ẹni tí kò ní bàbá, tí kò ní ilẹ̀, tí kò mọ̀wé, tó wá gba ilẹ̀ láti Ṣáínà títí dé etí òkun Caspian, kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni. Ẹlòmíràn á dìde, á ní apààyàn ni, kò yẹ kí wọ́n máa fi ìlù àti fèrè gbé e jáde nínú fíìmù bí ẹni pé ọkọ ìyàwó ni. Àwa náà jókòó wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀ nínú yàrá ìròyìn wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí iṣẹ́ ò pọ̀. Kó tó parí, yàrá ti pín sí méjì, ẹni tó wà lórí afẹ́fẹ́ ti ránṣẹ́ sí wa pé ká rọra sọ̀rọ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé nínú gbogbo ariwo yẹn, kò sẹ́ni tó dárúkọ Borte. Ìyàwó rẹ̀ ni. Fíìmù náà ò fi bẹ́ẹ̀ dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹṣin àti ọfà ni wọ́n ń fi hàn wá ṣáá. Bẹ́ẹ̀, lójú tèmi, ẹni tí kò bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Borte kò tíì mọ Genghis Khan. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ìtàn ọkùnrin náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀yin olùgbọ́ wa náà lè dá a rò.

Púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa ìgbà èwe rẹ̀, inú ìwé tí àwọn Mongol fúnra wọn kọ lẹ́yìn ikú rẹ̀ ló wà, èyí tí wọ́n ń pè ní Ìtàn Àṣírí Àwọn Mongol. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìwé náà ni pé kò bo àbùkù ọ̀gá rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó sọ pé ajá ń bà á lẹ́rù nígbà tó wà ní kékeré. Ó sọ pé ó pa ọmọ bàbá rẹ̀. Ó sì sọ ti Borte.

Kí wọ́n tó bí i rárá ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, ilẹ̀ Mòngólíà kò ní ọba kan ṣoṣo. Pápá tó tẹ́ lọ rẹrẹ ni, òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, ẹran ọ̀sìn ni àwọn èèyàn ibẹ̀ sì ń gbọ́kàn lé. Ẹṣin, àgùntàn, ewúrẹ́, màlúù àti ràkúnmí ni wọ́n ń sìn. Wọ́n á kó àgọ́ wọn tẹ̀lé koríko láti ibì kan sí ibòmíràn. Ẹ̀yà kan ń jí ẹran ẹ̀yà kejì, wọ́n sì tún ń jí ara wọn níyàwó.

Lọ́jọ́ kan, Yesugei, ọ̀kan nínú àwọn olórí kéékèèké láàárín àwọn Mongol, ń fi àwòdì dọdẹ létí odò Onon, ló bá rí ọkùnrin kan tó ń mú ìyàwó tuntun bọ̀ láti ilé àna. Chiledu lorúkọ ọkùnrin náà, ará ẹ̀yà Merkit ni. Yesugei rí i pé ìyàwó náà lẹ́wà, ló bá sáré lọ pe ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ wá. Nígbà tí ìyàwó, Hoelun lorúkọ rẹ̀, rí àwọn mẹ́ta tó ń sáré bọ̀, ó ní kí ọkọ òun máa sá lọ, nítorí tí ẹ̀mí bá ti wà, yóò rí obìnrin mìíràn fẹ́. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ fún un, kó máa fi òórùn rẹ̀ rántí òun. Chiledu sá lọ. Hoelun di ìyàwó Yesugei. Àwọn Merkit ò gbàgbé.

Ní nǹkan bí ọdún 1162, Hoelun bí ọmọkùnrin kan lẹ́bàá odò Onon yìí kan náà. Ìtàn sọ pé ẹ̀jẹ̀ dídì kan wà ní àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà. Bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ogun dé ni, ó ti bá àwọn Tatar jà, ó sì mú ẹnì kan nínú wọn lẹ́rú tó ń jẹ́ Temujin. Bí àwa náà ṣe máa ń wo ilé ká tó sọmọ lórúkọ, orúkọ ẹlẹ́wọ̀n yẹn ni Yesugei fún ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí Temujin pé ọmọ ọdún 9, bàbá rẹ̀ mú un lọ wá ìyàwó. Ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ń jẹ́ Dei Sechen ni wọ́n yà sí, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ni Borte, tó fi ọdún kan ju Temujin lọ. Àwọn àgbà fohùn ṣọ̀kan. Bí àṣà wọn ṣe rí, Yesugei fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àna, ó ń padà lọ sílé. Lójú ọ̀nà, òùngbẹ gbẹ ẹ́, ó sì bá àwọn kan níbi tí wọ́n ti ń ṣàsè, ló bá sọ̀ kalẹ̀. Tatar ni wọ́n. Wọ́n dá a mọ̀, wọ́n sì fi májèlé sí ohun tó mu. Ó délé, àmọ́ kò dìde mọ́.

Ibí yìí ni ayé Temujin ti dàrú. Àwọn ìbátan bàbá rẹ̀, ìyẹn ìdílé Tayichiud, wò ó pé kí ni àwọn fẹ́ fi opó àti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ṣe. Wọ́n kó àgọ́ wọn, wọ́n kó ẹran lọ, wọ́n sì fi ìyá àti ọmọ sílẹ̀ lórí pápá. Baba arúgbó kan tó tẹ̀lé wọn láti bẹ̀ wọ́n, ọ̀kọ̀ ni wọ́n fi gún un lẹ́yìn. Hoelun ò jókòó sunkún. Ó sán aṣọ rẹ̀ gírí, ó ń wá èso igbó, ó ń fi igi hú gbòǹgbò, àwọn ọmọ ń tẹ abẹ́rẹ́ kó lè di ìwọ̀ tí wọ́n fi ń pẹja. Ọmọ márùn-ún ni òun fúnra rẹ̀ bí, ìyàwó kejì sì ní méjì, Bekhter àti Belgutei.

Ebi ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ yìí. Bekhter àti àbúrò rẹ̀ gba ẹja lọ́wọ́ Temujin àti Khasar, wọ́n sì ti gba ẹyẹ tí Khasar ta lọ́fà lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Temujin àti Khasar lọ bá Bekhter níbi tó jókòó sí tó ń ṣọ́ ẹṣin, ọ̀kan gba iwájú, ọ̀kan gba ẹ̀yìn, wọ́n ta á lọ́fà pa. Ìwé náà sọ pé kò sá. Ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n má ṣe pa Belgutei àbúrò òun. Nígbà tí wọ́n délé, ojú wọn ni Hoelun wò tó fi mọ̀ ohun tí wọ́n ṣe, ó sì bú wọn bí ẹni tó ń bú ẹranko. Ó ní nígbà tí wọn ò ní ọ̀rẹ́ kankan yàtọ̀ sí òjìji ara wọn, ìgbà yẹn ni wọ́n ń pa ara wọn. Ẹ̀yin tí ẹ gbà pé akọni ni, ẹ fi èyí náà sí i. Belgutei ò sì kúrò lẹ́yìn Temujin títí ayé.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà, àwọn Tayichiud wá gbé Temujin. Wọ́n ti gbọ́ pé ọmọ ọ̀hún ti ń dàgbà, wọn ò sì fẹ́ kó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n fi àjàgà igi sí i lọ́rùn, wọ́n ń mú un láti àgọ́ kan sí èkejì. Ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe àríyá, ó fi àjàgà náà gbá ẹni tó ń ṣọ́ ọ lórí, ó sá lọ wọ inú odò, ó sì gbé orí sókè díẹ̀ láti máa mí. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sorkan Shira rí i níbẹ̀, àmọ́ kò pariwo. Ìránṣẹ́ lásán ni Sorkan Shira lọ́dọ̀ àwọn Tayichiud. Ó gbé Temujin pamọ́ sínú kẹ̀kẹ́ tí irun àgùntàn kún inú rẹ̀, ó sì fún un ní ẹṣin tó gùn sá lọ. Ẹbí ta á nù, ìránṣẹ́ ẹlòmíràn gbà á là. Ó dà bíi pé ẹ̀kọ́ yìí wọ̀ ọ́ lára ju èyíkéyìí lọ.

Nígbà tó di ọ̀dọ́kùnrin, ó padà lọ mú Borte. Dei Sechen ò yẹ àdéhùn rẹ̀. Ìyá Borte fi ẹ̀wù dúdú kan tí wọ́n fi awọ onírun ṣe, ẹ̀wù olówó iyebíye, ránṣẹ́ sí ìyá ọkọ. Temujin ò jẹ́ kí ìyá òun wọ̀ ọ́. Ó gbé e lọ fún Toghrul, ọba àwọn Kereit, tó ti bá bàbá rẹ̀ mulẹ̀ nígbà kan rí. Inú Toghrul dùn, ó ṣèlérí pé òun yóò ran ọmọ náà lọ́wọ́. Ọjọ́ tí ìlérí náà wúlò ò jìnnà.

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kan, ìyá arúgbó kan tó ń ṣiṣẹ́ fún Hoelun gbọ́ tí ilẹ̀ ń mì. Ẹlẹ́ṣin ló ń bọ̀. Gbogbo wọn sáré gun ẹṣin: Temujin, ìyá rẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì. Ẹṣin kan ṣẹ́ kù, wọ́n sì fà á lọ bí ẹṣin ìparọ̀. Kò wá sí ẹṣin fún Borte.

Ìgbàkígbà tí mo bá dé ibí yìí, mo máa ń dúró. Ìwé náà ò sọ ìdí, kò sì tọrọ àforíjì fún un. Wọ́n fi ìyàwó ilé sílẹ̀, ó bá ìyá arúgbó náà wọ inú kẹ̀kẹ́ màlúù, àmọ́ igi kẹ̀kẹ́ náà dá, àwọn ẹlẹ́ṣin ọ̀hún sì bá wọn. Àwọn Merkit ni wọ́n. Wọ́n wá gbẹ̀san Hoelun, tí wọ́n jí gbé ní nǹkan bí 20 ọdún ṣáájú. Chiledu ti kú, wọ́n bá fi Borte fún àbúrò rẹ̀ tó ń jẹ́ Chilger. Ọkọ rẹ̀ wà lórí òkè Burkhan Khaldun, ó fara pamọ́ sínú igbó.

Temujin lọ bá Toghrul. Ó tún lọ bá Jamukha, ọ̀rẹ́ ìmùlẹ̀ rẹ̀ láti kékeré, tí òun náà ti ní ọmọ ogun tirẹ̀. Wọ́n para pọ̀, wọ́n já lu àwọn Merkit lóru. Bí àwọn èèyàn ṣe ń sá nínú òkùnkùn, Temujin ń gun ẹṣin kiri, ó ń pariwo orúkọ Borte. Borte wà nínú kẹ̀kẹ́ tó ń sá lọ, ó gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀, ó fò bọ́ sílẹ̀, ó sì di ìjánu ẹṣin náà mú. Òṣùpá ni wọ́n fi dá ara wọn mọ̀. Temujin ránṣẹ́ sí Toghrul àti Jamukha lóru yẹn pé kí ogun dúró, pé òun ti rí ohun tí òun ń wá. Ìyá Belgutei náà wà lára àwọn tí wọ́n jí gbé. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ wọlé láti ẹnu ọ̀nà kan, ó gba ẹnu ọ̀nà kejì jáde, ó wọ igbó lọ, nítorí ojú ń tì í láti wo ojú ọmọ rẹ̀.

Borte bímọ lẹ́yìn náà. Kò sẹ́ni tó lè búra pé ti Temujin ni àbí ti Chilger. Wọ́n sọ ọmọ náà ní Jochi, tó túmọ̀ sí àlejò. Temujin gba ọmọ, ó pè é ní àkọ́bí, kò sì yí ọ̀rọ̀ náà padà títí ó fi kú. Borte bí ọmọkùnrin mẹ́ta mìíràn fún un, Chagatai, Ogedei àti Tolui, ó tún bí àwọn obìnrin. Ìyàwó tó fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ pọ̀, àmọ́ ọmọ Borte nìkan ló lè jogún ìtẹ́.

Àwọn onífíìmù ti gbìyànjú lórí ọ̀rọ̀ yìí o. Èyí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1956, tí John Wayne ti ṣe Temujin, dojú ìtàn délẹ̀ pátápátá, Temujin fúnra rẹ̀ ni wọ́n ní ó jí obìnrin náà gbé. Àwọn tó wò ó fi ṣe ẹ̀rín fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èyí tí Sergei Bodrov ará Rọ́ṣíà ṣe ní 2007, tó pè ní Mongol, ló fún Borte láyè gan-an.

Ìmùlẹ̀ Temujin àti Jamukha ò tọ́jọ́. Lẹ́yìn bí ọdún kan àti ààbọ̀ tí wọ́n jọ ń gbé, wọ́n pínyà, Borte sì wà lára àwọn tó ní kí Temujin máa lọ. Nígbà tí wọ́n wá pàdé lójú ogun, Jamukha ló borí, ìtàn sì sọ pé ó fi ìkòkò ńlá 70 se àwọn tó mú lẹ́rú. Ìwà yẹn gan-an ló lé àwọn èèyàn wá sọ́dọ̀ Temujin. Ẹni tí ìdílé ńlá kò kà sí, darandaran, alágbẹ̀dẹ, ìránṣẹ́, gbogbo wọn ń bọ̀, nítorí pé lọ́dọ̀ Temujin, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ni wọ́n fi ń gbé e ga. Nígbà tó yá tó ṣẹ́gun àwọn Tayichiud, ó bi wọ́n pé ta ló ta ẹṣin òun lọ́fà lójú ogun. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde, ó ní òun ni, pé bí wọ́n bá pa òun, ilẹ̀ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni òun yóò bà jẹ́, àmọ́ bí wọ́n bá dá òun sí, òun yóò jà fún un. Temujin yí orúkọ rẹ̀ padà sí Jebe, ìyẹn ọfà, ó sì sọ ọ́ di ọ̀gágun. Sorkan Shira náà ò ṣòfò, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ di èèyàn pàtàkì.

Ṣùgbọ́n ní 1202 tó ṣẹ́gun àwọn Tatar tó pa bàbá rẹ̀, òun àti àwọn àgbà ìdílé rẹ̀ pinnu pé ọkùnrin Tatar tó bá ga ju irin tó de ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù lọ, kí wọ́n pa á. Ọmọdé tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ nìkan ni wọ́n dá sí. Ó fẹ́ ọmọbìnrin Tatar kan, Yesugen, ẹni yẹn sì sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n òun, Yesui, lẹ́wà ju òun lọ. Yesui ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́kọ ni. Wọ́n wá a rí nínú igbó, ọkọ rẹ̀ sá lọ, wọ́n mú un wá. Lọ́jọ́ kan tí Temujin jókòó láàárín òun àti àbúrò rẹ̀, ó gbọ́ tí Yesui mí kanlẹ̀. Ó fura. Ó ní kí gbogbo ọkùnrin tó wà níbẹ̀ dúró ti ẹ̀yà rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì dá dúró. Ọkọ Yesui ni, ó wá wo ìyàwó rẹ̀ láàárín èrò. Wọ́n gé orí rẹ̀.

Ẹni tó ti gun ẹṣin kiri lóru, tó ń pariwo orúkọ ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n jí gbé, òun náà ló ṣe èyí. Bí ẹ bá bi mí pé akọni ni àbí apààyàn, ibí ni mo máa ń tọ́ka sí. Ó mọ bó ṣe ń rí. Kò sí ẹni tó yẹ kó mọ̀ ọ́n jù ú lọ.

Láàárín 1203 sí 1205, ó borí Toghrul tó gbà á là, ó borí àwọn Naiman tó wà ní ìwọ̀-oòrùn, àwọn èèyàn Jamukha fúnra wọn sì dè é wá fún un. Ó pa àwọn tó dè é wá, ó ní ẹni tó bá da ọ̀gá rẹ̀, ta ló lè gbẹ́kẹ̀ lé e. Ó bẹ Jamukha pé kí wọ́n tún jẹ́ ọ̀rẹ́. Jamukha kọ̀, ó ní oòrùn méjì kì í wà lójú ọ̀run, ikú tí ẹ̀jẹ̀ òun kò ní kan ilẹ̀ ni òun fẹ́. Wọ́n ṣe é bó ṣe fẹ́.

Ní 1206, wọ́n pe ìpàdé ńlá lẹ́bàá orísun odò Onon, wọ́n sì fi Temujin jẹ ọba gbogbo àwọn tó ń gbé inú àgọ́ onírun àgùntàn. Ibẹ̀ ló ti gba orúkọ Genghis Khan. Ó pín àwọn èèyàn sí ẹni 10, 100, 1,000 àti 10,000, ó da àwọn ẹ̀yà pọ̀ mọ́ra kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ìdílé tirẹ̀ sá lọ bá, ó sì fi ẹgbẹ̀rún 95 lé àwọn olórí lọ́wọ́. Akọ̀wé Naiman kan tó mú lẹ́rú, Tatatonga, ló ní kó máa kọ́ àwọn ọmọ òun ní ìwé kíkọ, nítorí àwọn Mongol ò ní àkọsílẹ̀ kankan títí di ìgbà yẹn. Kò sí ìsìn tó fi agbára lé lórí.

Ogun Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wọ ilẹ̀ ìjọba Jin ní 1211, ìlú Zhongdu, ìyẹn Beijing òde òní, sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní 1215. Ẹ jẹ́ kí n yára kọjá ibẹ̀, nítorí ogun tó jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ máa ba àwọn èèyàn lẹ́rù títí dòní, ti Khwarazm ni.

Khwarazm nígbà yẹn ni Uzbekistan, Turkmenistan, àti apá tó pọ̀ nínú Iran àti Afghanistan òde òní. Ọba ibẹ̀ ni Muhammad. Ní 1218, Genghis Khan rán àwọn oníṣòwò bíi 450 àti ràkúnmí wọn lọ síbẹ̀. Gómìnà ìlú Otrar ní amí ni wọ́n, ó pa wọ́n, ó sì kó ọjà wọn. Ẹnì kan ló bọ́. Genghis Khan rán ikọ̀ mẹ́ta sí Muhammad pé kó fa gómìnà náà lé òun lọ́wọ́. Muhammad pa olórí ikọ̀, ó sì gba irùngbọ̀n lójú àwọn méjì tó kù. Kò sí ìwà tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú àwọn Mongol, ikọ̀ ò ṣeé fọwọ́ kàn.

Kí wọ́n tó lọ ogun náà, Yesui, obìnrin Tatar ọjọ́sí, ló dìde bi Genghis Khan ní ìbéèrè tí kò sẹ́ni tó láyà láti bi í: tó bá kú, ta ni yóò jọba? Genghis Khan gbà pé ọ̀rọ̀ gidi ni. Ó ní kí Jochi kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, nítorí òun ni àkọ́bí. Kí Jochi tó la ẹnu, Chagatai ti fò dìde, ó ní ṣé ọmọ Merkit yìí ni yóò wá jọba lé àwọn lórí ni? Àwọn méjèèjì di ara wọn lọ́rùn ẹ̀wù mú níwájú bàbá wọn. Àgbà kan tó ń jẹ́ Koko Chos ló bá Chagatai wí. Ó ní kí wọ́n tó bí i, ayé dàrú, kò sẹ́ni tó ń sùn lórí ibùsùn rẹ̀, kì í ṣe pé ìyá rẹ̀ sá tẹ̀lé ọkùnrin, ogun ló gbé e lọ. Genghis Khan jókòó, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó kìlọ̀ fún Chagatai pé kó má tún sọ irú rẹ̀ mọ́, pé Jochi ni àkọ́bí òun. Àmọ́ Ogedei, ẹnì kẹta, ni wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Jochi gbà bẹ́ẹ̀. Bàbá gbà á lọ́mọ, síbẹ̀ ìtẹ́ ò kàn án.

Ogun náà gbéra ní 1219. Bukhara àti Samarkand ṣubú ní 1220. Muhammad sá títí ó fi kú sí erékùṣù kan nínú òkun Caspian. Ní 1221, ó kan Merv, Nishapur àti Gurganj. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: ìlú tó bá jọ̀wọ́ ara rẹ̀ á san owó orí, á máa gbé. Èyí tó bá jà, tàbí tó jọ̀wọ́ ara rẹ̀ tán tó tún ṣọ̀tẹ̀, wọ́n á kó gbogbo èèyàn jáde sí pápá. Wọ́n á yọ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sọ́tọ̀, wọ́n á kó wọn lọ sí Mòngólíà. Wọ́n á kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ sí ìlú tó kàn, àwọn ni wọ́n á tì síwájú ogun kí ọfà lè bá wọn. Wọ́n á pín àwọn obìnrin. Àwọn tó kù, wọ́n á pa wọ́n. Ní Nishapur, ọfà àwọn ará ìlú ló pa ọkọ ọmọ Genghis Khan, wọn ò sì fi nǹkan kan sílẹ̀ níbẹ̀. Ní Bamiyan, ọmọ Chagatai ló kú, bàbá àgbà rẹ̀ sì pàṣẹ pé kí wọ́n má dá ohun ẹlẹ́mìí kankan sí.

Àwọn òpìtàn ìgbà yẹn kọ ọ́ pé àwọn tó kú ní Merv nìkan lé ní mílíọ̀nù kan. Àwọn onímọ̀ òde òní ní iye náà ti pọ̀ jù fún ìlú ìgbà yẹn, mo sì gbà pẹ̀lú wọn. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn sọ pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Nínú àwọn obìnrin tí wọ́n pín lẹ́nu odi ìlú wọ̀nyẹn, Borte mélòó ló wà níbẹ̀? Ọmọ tí wọn ò mọ bàbá wọn, mélòó ni wọ́n bí lọ́dún tó tẹ̀ lé e? Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ wọn.

Ní Gurganj, Jochi àti Chagatai tún bá ara wọn jà. Ilẹ̀ yẹn ni bàbá fẹ́ fún Jochi, kò sì fẹ́ kí ìlú náà bàjẹ́. Chagatai ò gbọ́. Ogun fa gùn fún oṣù mélòó kan, títí bàbá wọn fi fi Ogedei ṣe olórí àwọn méjèèjì. Ìlú náà padà bàjẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, Jochi ṣí lọ sí pápá àríwá, kò padà wálé mọ́. Àhesọ bẹ̀rẹ̀ pé ó fẹ́ ṣọ̀tẹ̀. Wọ́n ní bàbá rẹ̀ ti ń múra ogun sí i nígbà tí ìròyìn dé pé Jochi ti kú. Bàbá àti ọmọ ò rí ara wọn sójú mọ́.

Ní 1222, Genghis Khan ti darúgbó. Ó ti ránṣẹ́ pe àgbà onísìn Tao kan láti Ṣáínà ṣáájú, Qiu Chuji, ó lé ní 70 ọdún, ó rin ìrìn tó lé ní ọdún kan kó tó bá a nítòsí òkè Hindu Kush. Ohun tí Genghis Khan fẹ́ mọ̀ ni pé ǹjẹ́ oògùn àìkú wà. Qiu Chuji ò purọ́ fún un. Ó ní kò sí, ọ̀nà láti tọ́jú ara nìkan ló wà. Inú ọba ò bàjẹ́ sí i, ó tilẹ̀ yin òótọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n má gba owó orí lọ́wọ́ àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀.

Ó kú ní oṣù kẹjọ ọdún 1227, lẹ́nu ogun tó ń bá ìjọba Xi Xia jà ní àríwá Ṣáínà. Wọ́n fi ikú rẹ̀ pamọ́ títí ìlú náà fi jọ̀wọ́ ara rẹ̀, wọ́n sì pa àwọn ará ibẹ̀. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ padà sílé, wọ́n sin ín láìsàmì sí sàréè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ gbà pé ìtòsí Burkhan Khaldun ni, òkè tó fara pamọ́ sí lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Borte lọ.

Nígbà tí Rọ́ṣíà ń darí ọ̀rọ̀ Mòngólíà ní ọ̀rúndún ogún, wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni yìn ín ní gbangba. Ní 1962 tí wọ́n fẹ́ ṣe ayẹyẹ 800 ọdún ìbí rẹ̀, wọ́n yọ olóṣèlú tó wà nídìí rẹ̀, Tomor-Ochir, nípò. Lẹ́yìn 1990 ni gbogbo rẹ̀ yí padà. Àwòrán rẹ̀ wà lára owó wọn, pápákọ̀ òfurufú ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ère rẹ̀ lórí ẹṣin, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 40, sì dúró ní Tsonjin Boldog láti 2008, ó kọjú sí apá ibi tí wọ́n bí i sí. Ẹni tó bá wo fíìmù ní Ulaanbaatar àti ẹni tó wò ó ní Baghdad, níbi tí Hulagu ọmọọmọ rẹ̀ ti pa àwọn èèyàn rẹpẹtẹ ní 1258, wọn ò lè rí nǹkan kan náà.

Ìdílé Ogedei kò pẹ́ lórí ìtẹ́, àwọn ọmọ Tolui gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1251. Àwọn ọmọ Tolui tó gba Ṣáínà, wọ́n lé wọn kúrò níbẹ̀ ní 1368. Ṣùgbọ́n Batu, ọmọ Jochi, ló wọ Rọ́ṣíà láàárín 1237 sí 1240, ó sì fi ìran rẹ̀ sórí àwọn ọba ibẹ̀ fún nǹkan bí igba ọdún ó lé. Nígbà tí agbára wọn dínkù, ẹ̀ka kan nínú wọn ṣì di Crimea mú. Ní 1783 tí Rọ́ṣíà gba Crimea, ọba tó kẹ́yìn lórí ìtẹ́ níbẹ̀, Shahin Giray, ọmọ ilé Jochi ni wọ́n kà á sí, ìyẹn ọmọ tí wọ́n sọ ní Àlejò.